Suvorov, ọ̀gágun ilẹ̀ Rọ́ṣíà: kí ló ṣe tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ń tẹ̀ lé e wọ iná?

Fóómaàn_Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe fóómaàn níbi tí a ti ń kọ́lé. Nínú àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti lébírà tó wà lábẹ́ mi, àwọn tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí kò kéré. Wọn kò rí mi fín, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ọwọ́ á dẹ̀. Àgbà kan tí mo máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ní kí n lọ wádìí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexander Suvorov, ọ̀gágun ilẹ̀ Rọ́ṣíà láyé Ọbabìnrin Catherine. Wọ́n ní ogun tó jà lé ní 60, pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́gun rẹ̀ rí, àti pé baba ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kà á sí.

Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ ìtàn pọ̀ níbí, àwọn tó ti wọṣọ sójà rí náà sì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má to orúkọ ogun lásán fún mi. Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí òun kò sí níbẹ̀? Èwo ni mo lè mú lò, èwo sì ni kí n fi sílẹ̀ síbi tí mo ti bá a?

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ kú oríire ìgbéga o. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti kékeré rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ẹ̀ ń béèrè ti ṣẹ̀ wá.

Moscow ni wọ́n bí i sí. Àwọn kan ní ọdún 1729 ni, àwọn mìíràn ní 1730. Ọ̀gágun ni Vasily baba rẹ̀, Tsar (ìyẹn ọba Rọ́ṣíà) Peter Ńlá ló sì ṣe baba ìsàmì fún baba náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí rù, àìsàn kì í jẹ́ kó gbádùn, baba rẹ̀ sì ti pinnu pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni yóò ṣe. Ọmọ kò gbà. Ìwé ogun baba rẹ̀ ló ń kà ṣáá, ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òtútù àti òjò kọ́ ara rẹ̀.

Ẹni tó yí baba lọ́kàn padà ló dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí, torí ọmọ Áfíríkà ni: Abram Gannibal. Wọ́n mú un lẹ́rú lọ́mọdé, ó dé Istanbul, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ sí ààfin Tsar Peter. Peter sọ ọ́ di ọmọ ìsàmì rẹ̀. Ó kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó di ẹnjiníà tó ń kọ́ odi ogun, ó sì di ọ̀gágun ní Rọ́ṣíà. Akéwì Pushkin wà lára àtọmọdọ́mọ rẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń sọ ọ́ pé Gannibal wá kí ẹbí náà, ó wọ yàrá ọmọ, ó bá a nídìí ìwé ogun, ó bá a sọ̀rọ̀, ó wá lọ sọ fún baba rẹ̀ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa bá ohun tó fẹ́ lọ.

Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ ogun Semyonovsky ní 1742, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ní 1748. Láyé ìgbà náà, ọmọ ọlọ́lá lè jókòó sílé kí ipò rẹ̀ máa gòkè nínú ìwé. Nígbà tí yóò bá fi dé bárékè, ó ti di ọ̀gá. Suvorov kò ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di 1754 ló fi wà láàárín àwọn ọmọ ogun kéékèèké, tó ń nu ìbọn, tó ń dúró gáàdì. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa ìgbà yẹn: ó ń ṣọ́ ààfin Peterhof nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth ń kọjá. Inú ọbabìnrin dùn sí bó ṣe dúró, ó fún un ní rúbù fàdákà kan. Suvorov ní òfin kò gba ẹni tó wà lẹ́nu gáàdì láyè láti gba owó. Ọbabìnrin fi owó náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní kó mú un nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀.

Fóómaàn, ẹ wo èyí dáadáa: nígbà tó fi di ọ̀gá, kò sí iṣẹ́ kan tí ó ń rán ọmọ ogun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe.

Sójà_Fẹ̀yìntì

Olùkọ́ ti là á yé wa. Èmi á sọ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé gbogbo agbára rẹ̀ wà. Ìyókù, ìtàn àtàtà ni.

Ní 1763 wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ ogun Suzdal, tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí Novaya Ladoga, kò jìnnà sí St. Petersburg. Ó kọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àwọn ọmọ ogun níbẹ̀, ó sì kọ ìwé ìlànà fún ẹgbẹ́ náà. Ó ń mú wọn rìn lóru, ó ń mú wọn rìn nínú yìnyín, ó ń mú wọn la odò kọjá. Lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ ogun ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni kí ìlà gún, kí bọ́tìnnì máa dán, kí ẹsẹ̀ lọ pọ̀. Ọkùnrin yìí ń béèrè pé: kí ni ọ̀tá máa ṣe fún wa gan-an? Òun náà ló wá ń ṣe fún wọn níbi ẹ̀kọ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Yóò pín àwọn ọmọ ogun sí ọ̀nà méjì, yóò ní kí apá kan sáré kọjú sí apá kejì, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kọjú sí àwọn ẹlẹ́ṣin, tòun ti ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, àgbá ń dún lófìfo, èéfín bo gbogbo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n forí gbárí ni wọn yóò gbé ọ̀bẹ sókè, wọn yóò gba àárín ara wọn kọjá. Wọ́n máa ń fara pa nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó ti rí ẹṣin tó ń sáré bọ̀ lójú ara rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀kọ́, kò ní sá nígbà tó bá rí i lójú ogun. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé bí ẹ̀kọ́ bá le, ìrìn ogun á rọrùn.

Ohun kejì, ó ní ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò mọ̀wé. Nítorí náà ó sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ di gbólóhùn kúkúrú kúkúrú tó ṣeé há sórí, tí wọ́n máa ń kà sí wọn létí lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1806, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé. Ó dá lórí nǹkan mẹ́ta: kí ojú mọ ilẹ̀ wò, kí ẹsẹ̀ yá, kí ìkọlù le. Ó ní òmùgọ̀ ni ọta ìbọn, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni akọni. Èyí kì í ṣe àsọdùn, torí ìbọn ayé ìgbà náà kò lè yìn tààrà tó bá ti jìnnà díẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ki òmíràn.

Ohun tó kórìíra jù ni ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó dáhùn pé "mi ò mọ̀." Yóò dédé bi ọmọ ogun pé ìràwọ̀ mélòó ló wà lójú ọ̀run. Kì í ṣe iye ìràwọ̀ ló ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà á ronú, bóyá ojora á mú un. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sìn lábẹ́ sájẹ́ǹtì kan tó máa ń tẹ́ máàpù sílẹ̀ fún wa, tó ń fi igi kékeré tọ́ka ibi tí a ń lọ, àní àwa tí a kéré jù níbẹ̀. Bí òun kò bá sí, a mọ ohun tó kàn. Mo tún sìn lábẹ́ ẹlòmíràn tí ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kì í ju "ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe." Ọjọ́ tí kò wá, gbogbo wa dúró bí igi.

Nítorí náà, Fóómaàn, kí lébírà yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tí ihò yẹn máa gbé.

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ibi tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ló jẹ́ kí èmi fẹ́ràn Suvorov.

Láyé rẹ̀, àìsàn ló ń pa ọmọ ogun ju ọ̀tá lọ, ibi tí wọ́n sì ń kú sí jù ni ọsibítù ogun: èèyàn há, afẹ́fẹ́ kò sí, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà ń ràn láti orí bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì. Ìbẹ̀rù ọsibítù wà nínú gbogbo ìwàásù tó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun. Ní 1793, dókítà kan lábẹ́ rẹ̀, Yefim Belopolsky, kọ ìlànà fún àwọn oníṣègùn ogun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbó títí dòní: kí wọ́n má wá ìdí àìsàn nínú ọsibítù, kí wọ́n lọ wá a láàárín ẹgbẹ́ ogun. Kí ni wọ́n ń jẹ? Omi wo ni wọ́n ń mu? Ibo ni wọ́n ń sùn sí? Báwo ni ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ṣe mọ́ tó? Bí àìsàn bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ni wọ́n máa bi.

Ẹ tún wo bó ṣe ń mú wọn rìn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n ti máa ń gbéra kí oòrùn má baà pa wọ́n. Tí wọ́n bá rìn tó bíi kìlómítà 10, wọ́n á sinmi fún wákàtí kan. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tó gbé ìkòkò ti lọ ṣáájú, iná ti wà lábẹ́ ìkòkò. Tí àwọn ọmọ ogun bá yọ báyìí, oúnjẹ ọkà gbígbóná ti jinná dè wọ́n. Wọn kò ní dé tán kí wọ́n tó máa wá igi ìdáná. Oúnjẹ yẹn náà ni òun fúnra rẹ̀ ń jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ kábéèjì. Orí koríko gbígbẹ ló ń sùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jí, tí wọ́n á da omi tútù lé e lórí. Wọ́n ní ó máa ń kọ bí àkùkọ láti jí àwọn ọmọ ogun.

Mo fẹ́ bi Fóómaàn: aago mélòó ni ìyá olóúnjẹ máa ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ǹjẹ́ omi mímu wà nítòsí àwọn tó ń pò kọnkéré nínú oòrùn ọ̀sán? Kí ẹ tó sọ pé ọwọ́ dẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Ẹ má sì fi gbààwẹ̀-gbààwẹ̀ tó máa ń ní kí aláìsàn gbà ṣe ìtọ́jú ẹnikẹ́ni o. Ayé ìgbà yẹn nìyẹn.

Fóómaàn_Ṣàgámù

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá mi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn bá mi níbi tó yẹ. Aago méjìlá kọjá ni olóúnjẹ máa ń dé, ó sì jìnnà. Màá bójú tó o.

Àgbà yẹn tún dárúkọ ibì kan fún mi, Izmail. Ó ní ibẹ̀ ni ó ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó ṣeé ṣe. Báwo ló ṣe ṣe é?

Olùkọ́_Ìtàn

Izmail, ọdún 1790. Odi ńlá ni lẹ́bàá odò Danube, lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì, tí àwọn ẹnjiníà Yúróòpù bá wọn tún kọ́. Bíi ọmọ ogun 35,000 ló wà nínú rẹ̀, ti Suvorov tó bíi 31,000. Ẹni tó fẹ́ gun odi, ó yẹ kó pọ̀ ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ dáadáa. Àwọn ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ kí Suvorov tó dé ti pàdé, wọ́n ti ní kí àwọn padà sílé torí òtútù ti dé. Nígbà tí Potemkin, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Rọ́ṣíà níbẹ̀, rán Suvorov lọ, àwọn kan ti ń di ẹrù.

Bíi ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lò kó tó kọlù ú. Ohun tó fi àwọn ọjọ́ náà ṣe ni kí ẹ fọkàn sí. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kí wọ́n sì mọ odi kan sí ìta ibùdó, bíi ti Izmail gẹ́lẹ́. Ó ní kí wọ́n kan àkàsọ̀, kí wọ́n di ìdì igi tí wọ́n máa fi kún yàrà. Lóru, kí ọ̀tá má baà rí wọn, ó ń mú wọn lọ síbẹ̀: ju igi sí yàrà, gbé àkàsọ̀, gùn, sọ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ń fi bí wọ́n ṣe ń gùn ún hàn wọ́n, ọkùnrin ẹni 60 ọdún.

Lẹ́yìn náà ó pe ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá, àwọn 13. Òfin Tsar Peter sọ pé ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Platov, ọ̀gá àwọn Kọ́sáàkì (àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin Rọ́ṣíà), ló kéré jù. Ó ní: "Kí a kọlù ú." Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, àti àwọn tó ti fẹ́ padà sílé.

Ó kọ lẹ́tà sí olórí odi pé òun fún un ní wákàtí 24 láti ronú. Wọ́n kò gbà. Ní December 22, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n gun odi náà láti ìhà ilẹ̀ àti láti orí odò. Kutuzov, tó wá kọjú Napoleon lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ló ṣáájú ọ̀wọ́ kẹfà. Wọ́n ń lé e padà léraléra. Suvorov ránṣẹ́ sí i pé òun ti fi í jẹ olórí Izmail. Odi kò tíì wó o! Kutuzov padà, ó sì wọlé.

Ìṣọ̀lá_Bẹ́ẹ̀kọ́

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ dúró sí yẹn kọ́ ni ìtàn Izmail parí sí. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù.

Bíi èèyàn 26,000 ló kú ní ìhà àwọn ará Tọ́kì. Lẹ́yìn tí wọ́n wọlé, ìjà di ti òpópónà sí òpópónà, wọ́n sì yọ̀ǹda ìlú fún àwọn ọmọ ogun láti kó. Àwọn obìnrin àti ọmọdé wà nínú ìlú náà. Suvorov fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ẹni ni èèyàn lè dá irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ láṣà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, November 1794, ó kọlù Praga, tó kọjú sí Warsaw lódìkejì odò, nígbà tí àwọn ará Pólàndì dìde láti gba ara wọn sílẹ̀. Wọ́n pa ará ìlú lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀. Àwọn ará Pólàndì kò gbàgbé títí dòní, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí kì í ṣe ti akọni. Ọbabìnrin Catherine sì fi í jẹ fíìdì máṣà, oyè ọ̀gágun ńlá, nítorí rẹ̀.

Ohun kejì: àwọn ọmọ ogun tí ẹ ní wọ́n ń tẹ̀ lé e wọ iná yẹn, ta ló bi wọ́n léèrè? Ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n fagbára mú ni wọ́n, ọdún 25 ni wọ́n máa fi sìn, àwọn tó ṣáájú wọn fi gbogbo ayé wọn sìn ín. Suvorov fúnra rẹ̀ ní àwọn èèyàn tó so mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹrú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Gannibal tí ẹ yìn náà ní tirẹ̀. Lébírà Fóómaàn lè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ olórí tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa rọra mú un lò.

Sójà_Fẹ̀yìntì

Ìṣọ̀lá, òótọ́ lẹ sọ, n kò ní bá yín jiyàn Praga. Mo kan fẹ́ fi ohun kan sí i tó ń gbé mi lọ́kàn. Ọkùnrin kan náà ló kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹni tó bá juwọ́ sílẹ̀ sí, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pani lásán, pé èèyàn bí tiwọn ni wọ́n. Ó ní kí wọ́n má ṣe ará ìlú níbi, torí òun ló ń fún wọn lóúnjẹ àti omi, àti pé ọmọ ogun kì í ṣe olè. Ní Ítálì ní 1799, kí wọ́n tó pàdé àwọn Faransé lẹ́bàá odò Trebbia, ó ní kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀ tí wọ́n lè fi kígbe sí ọ̀tá pé kó ju ohun ìjà sílẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí odi bá ti wó, tí ẹ̀jẹ̀ ti gbóná, tí ọ̀rẹ́ ẹni ti kú sínú yàrà, ẹ̀kọ́ yẹn fò lọ, kò sì dá wọn dúró. Èmi tí mo ti wọṣọ rí, mo ka ìyẹn sí ẹ̀bi olórí. Ẹni tó lè fi òru kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gun odi, ó yẹ kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá gùn ún tán.

Ìṣọ̀lá_Bẹ́ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo dúpẹ́, bàbá.

Àdùkẹ́_London

Ẹ kú àárọ̀ láti ìhà ibí o. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ti Swítsálàndì, mo sì ti dé ibẹ̀ rí nígbà ìsinmi. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Göschenen lọ sí Andermatt, ó máa ń gun òkè gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín àpáta méjì, odò Reuss ń hó nísàlẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àgbélébùú ńlá kan sára àpáta níbẹ̀, bíi mítà 12, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà lábẹ́ rẹ̀. Ti Suvorov àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni. Nígbà tí mo dúró síbẹ̀, mo wo bí ibẹ̀ ṣe fún tó, mo wo bí omi ṣe jìn tó nísàlẹ̀, n kò mọ bí èèyàn ṣe lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun kọjá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yìnbọn sí wọn láti òdìkejì.

September 1799 ni. Ọkùnrin náà ti tó ẹni 70 ọdún. Ó ti gba ìhà àríwá Ítálì lọ́wọ́ àwọn Faransé. Wọ́n wá ní kó gba orí òkè lọ bá Korsakov, ọ̀gágun Rọ́ṣíà mìíràn, ní Zürich. Àwọn ará Ọ́stríà tó jẹ́ alábàáṣepọ̀ wọn ṣèlérí ìbaaka tó máa ru ẹrù. Nígbà tó dé Taverne, ìbaaka kò sí. Ọjọ́ márùn-ún ló ṣòfò níbẹ̀. Ó ní kí àwọn Kọ́sáàkì sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n di ẹrù lé ẹṣin wọn. Ní 24, wọ́n gba òkè Gotthard. Ní 25, wọ́n dé Afárá Èṣù, lórí odò Reuss tí mo sọ yẹn. Àwọn Faransé ti ba apá kan rẹ̀ jẹ́. Ìtàn sọ pé wọ́n tú pákó ahéré kan, wọ́n sì fi ọ̀já ìgbànú àwọn ọ̀gá so ó pọ̀ kí wọ́n fi kọjá.

Nígbà tí wọ́n dé Altdorf, ọ̀nà tó yẹ kó gba etí adágún lọ kò sí. Wọ́n tún gun òkè mìíràn. Wọ́n sọ̀ sí àfonífojì Muotathal, ibẹ̀ ni ìròyìn ti dé pé wọ́n ti ṣẹ́gun Korsakov ní Zürich. Ọ̀tá wà níwájú, ọ̀tá wà lẹ́yìn, oúnjẹ ti tán, bàtà ti já. Ó pe àwọn ọ̀gá jọ nílé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, ó sọ gbogbo bó ṣe rí fún wọn láìfi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Rosenberg, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, dúró lẹ́yìn, ó sì lé Masséna, ọ̀gágun Faransé, padà. Àwọn tó kù gba orí yìnyín ní òkè Panix ní October, àgbá wọn ṣubú sínú ọ̀gbun. Bíi 21,000 ló gbéra, àwọn tó jáde lé díẹ̀ ní 15,000, wọ́n sì tún ń kó àwọn Faransé tí wọ́n mú bọ̀.

Ó pàdánù púpọ̀, ohun tí wọ́n sì torí rẹ̀ rán an kò ṣeé ṣe mọ́. Síbẹ̀ Tsar Paul sọ ọ́ di jẹneralísímọ̀, ipò ológun tó ga jù lọ, nítorí rẹ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i. Ìpàdé Muotathal yẹn ni mo máa ń rántí jù.

Fóómaàn_Ṣàgámù

Ìbéèrè mi tó kù: àwọn ọ̀gá tó ju òun lọ ńkọ́? Èmi náà ní ọ̀gá lókè tó máa ń fi àṣẹ tí kò wúlò ránṣẹ́. Bí òun náà bá sì ṣe àṣìṣe? Ṣé lóòótọ́ ni pé kò pàdánù rí?

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìkẹyìn ṣáájú. Àsọdùn wà nínú pé kò pàdánù rí. Ní February 1771 ó kọlù odi Lanckorona ní Pólàndì, wọ́n lé e padà. Ó padà wá ní May ọdún náà, ó sì ṣẹ́gun lẹ́bàá ibẹ̀. Ní Ochakov, odi àwọn ará Tọ́kì mìíràn, ní 1788, ó sáré wọ ìjà, ó rò pé Potemkin yóò tẹ̀ lé òun. Potemkin kò gbéra. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kú púpọ̀, ọta bá òun náà lọ́rùn, Potemkin sì bínú sí i. Ó gbẹ̀bi yẹn.

Ní Kinburn ní 1787, ó ti fara gbọgbẹ́, àwọn ará Tọ́kì sì ti ká a mọ́, nígbà tí ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Stepan Novikov fò sáàárín wọn, ó gbà á sílẹ̀. Nínú ìròyìn tí Suvorov kọ sí Potemkin, ó dárúkọ Novikov, ọmọ ogun lásán, níbi tó jẹ́ pé orúkọ ọ̀gá nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Nítorí ìyẹn ni a fi mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ti àwọn ọ̀gá òkè, àtàtà ni àti ìkìlọ̀. Nígbà tí Catherine kú ní 1796, Paul gorí ìtẹ́, ó ní kí gbogbo ọmọ ogun máa wọṣọ bíi ti Prọ́ṣíà, kí wọ́n kun àtíkè sí irun, kí wọ́n di ìrù irun lẹ́yìn. Suvorov ní àtíkè kì í ṣe ẹ̀tù, irun dídì kì í ṣe àgbá, ìrù irun kì í ṣe idà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní February 1797, wọ́n sì lé e lọ sí Konchanskoye, abúlé rẹ̀ nínú igbó Novgorod, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ó ń lu agogo ìjọ, ó ń kọrin lẹ́gbẹ́ akọrin, fún bíi ọdún méjì, títí Ọ́stríà fi bẹ Paul pé kó fi Suvorov ránṣẹ́ sí Ítálì. Lẹ́yìn Swítsálàndì, Paul tún yí padà sí i. Wọ́n fagi lé ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ó sì kú ní St. Petersburg ní May 18, 1800. Òkúta ibojì rẹ̀ wà nílé ìjọsìn Alexander Nevsky, ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju "Níbí ni Suvorov dùbúlẹ̀ sí."

Sójà_Fẹ̀yìntì

Fóómaàn, ní ti ọ̀gá yín lókè: àṣẹ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ ṣe é kí ẹ sì kọ èrò yín sílẹ̀ fún un ní pẹ̀lẹ́. Èyí tó lè fi ẹ̀mí lébírà sínú ewu, bíi kí wọ́n gun àkàsọ̀ tó ti jẹrà, ẹ kọ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ní ti àwọn àgbà tó wà lábẹ́ yín, ẹ mú èyí tó dàgbà jù nínú àwọn bíríkìlà, ẹ ní kó bá yín kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń fi okùn mú ìlà. Tí ẹ bá ń ṣèpàdé àárọ̀, ẹ jẹ́ kí lébírà tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí bàbá yẹn sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá lọ dáadáa, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é fún ọ̀gá òkè, orúkọ rẹ̀ gan-an.

Fóómaàn_Ṣàgámù

Màá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Màá sì bá ìyá olóúnjẹ sọ̀rọ̀ lónìí kó lè máa dé kí aago mọ́kànlá tó lù. Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín.